Yàrá Tó Dára Jù Nínú Ilé: Ta Ló Yẹ Kí A Fi Fún?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìtàn ìdílé àti ipò tí òbí wà ni òwe náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ní ìlú Èkó òde òní, níbi tí owó ilé ti ń gun òkè, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti ń kó kúrò nínú ilé oníyàrá mẹ́ta bọ́ sínú oníyàrá méjì, ó yẹ kí a wo ilé gan-an. Ó yẹ kí a wo yàrá tí ọmọ náà yóò máa sùn lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọ́ lórúkọ tán, tí àwọn àlejò ti lọ, tí a sì ti tú àtíbàbà.

Bí a bá wọ ọ̀pọ̀ fúláàtì ní Súrùlérè, Múṣin, Ṣómólú tàbí Ìkòròdú, ètò kan náà ni a ó bá níbẹ̀. Pálọ̀ ni ó gbòòrò jù. Òun ni ó kọjú sí títì, òun ni ó ní fèrèsé ńlá, òun ni a sì to àga onítìmùtìmù àti tẹlifíṣọ̀n sí. Yàrá bàbá àti ìyá ni ó tẹ̀lé e. Èyí tí ó kéré jù, tí ó wà lẹ́yìn pátápátá, tí fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo kọjú sí ògiri aládùúgbò tàbí sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé, ni a máa ń pè ní yàrá àwọn ọmọ. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò wà níbẹ̀, pẹ̀lú àpò ńlá tí a kó aṣọ sí, àpò ìrẹsì, fáànù tí ó ti bàjẹ́, àti ohun gbogbo tí a kò fẹ́ kí àlejò rí.

Èrò tèmi ni pé a ń to ilé náà láti ẹ̀yìn wá. Yàrá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù, tí èéfín kò sì dé, ni ó tọ́ sí àwọn ọmọ, ìbáà jẹ́ pé pálọ̀ gan-an ni a ó fi sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo wa ni a ń pe ọmọ ní adé, tí a ń pè é ní aṣọ. Ohun tí a bá sì pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi wákàtí ṣe ìṣirò. Ọmọ tuntun a máa sùn tó wákàtí 14 sí 17 láàárín ọ̀sán àti òru. Ọmọ ọdún kan sí méjì a máa sùn tó wákàtí 11 sí 14. Nǹkan bí ìdajì ayé ọmọ kékeré, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó ń lò lójú oorun. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yẹn ni ó ń fà símú ní gbogbo wákàtí wọ̀nyí. Àlejò ńkọ́? Wákàtí méjì ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí ó bá pẹ́ jù, yóò sì dìde, yóò máa lọ sí ilé tirẹ̀. Ẹni tí ó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a fún ní yàrá tí ó dára jù, ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ tọ̀sán-tòru ni a fún ní èyí tí ó kù.

Kì í ṣe pé ó burú kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta jọ máa gbé inú yàrá kan. Nínú agbo ilé Yorùbá, ọmọ kékeré kì í dá yàrá ní. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà ni ó ń sùn, lórí ẹní, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá rẹ̀. Yàrá náà kéré, ó sì máa ń ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n oorun alẹ́ nìkan ni ó wà fún. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni ọmọ wà. Ibẹ̀ ni ó ti ń rá, ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ìrìn, ibẹ̀ ni ojú àgbàlagbà mẹ́wàá ti ń ṣọ́ ọ. Ìlú ńlá ti gba àgbàlá lọ́wọ́ wa, ó sì fi yàrá kékeré náà sílẹ̀ fún wa. Ọmọ tí a bí sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta ní Yábàá kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yóò sá lọ. Yàrá tí ó ń sùn náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, òun náà ni àgbàlá rẹ̀. Bí a bá wá lọ fún un ní èyí tí ó burú jù nínú ilé, kí ni ó kù fún un?

Nígbà tí a bá ń ṣètò yàrá tí ọmọ méjì yóò jọ máa lò, afẹ́fẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wá. Ọ̀dà aláràbarà àti àwòrán erin lára ògiri lè dúró ná. Afẹ́fẹ́ kì í wọ inú yàrá dáadáa bí kò bá ní ibi tí yóò gbà jáde. Nítorí náà, yàrá tí ó ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjì sàn ju èyí tí ó ní ẹyọ kan lọ, bí ẹyọ kan náà tilẹ̀ tóbi. Bí ó bá sì jẹ́ ẹyọ kan, kí a wo bóyá ilẹ̀kùn kọjú sí i, kí a lè ṣí méjèèjì pọ̀. Irú fèrèsé pàápàá ṣe pàtàkì. Fèrèsé onídígí pélébé-pélébé tí ó kún inú àwọn ilé àtijọ́ ní Èkó a máa ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí tí a ń tì lọ tì bọ̀, tí ó gbòde báyìí, ìdajì rẹ̀ péré ni ó ń ṣí, nítorí pé dígí kan gbọ́dọ̀ lọ sá sẹ́yìn èkejì. Onílé tí ó yọ ti àtijọ́ kúrò, tí ó fi ti ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀, ti sọ ilé rẹ̀ di ọ̀tun lójú ẹni tí ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n ó ti gba ọ̀pọ̀ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé inú rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1948, wọ́n jẹ́ kí àwọn ilé náà tẹ́ẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn lè gba inú wọn kọjá, wọ́n fi báńkóòní dí oòrùn, wọ́n sì lo ògiri oníhò-wínníwínní tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tí ìtànṣán kò sì wọlé. Àwọn ilé náà wà níbẹ̀ títí di òní fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wò wọ́n. A ní àpẹẹrẹ náà ní ìtòsí, a sì ń kọ́ ilé tí a kò lè gbé inú rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, ní orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná kò dúró.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó gbé wa dé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Lára ohun tí èéfín rẹ̀ ń gbé jáde ni carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí ó bá wọ ara, yóò gba àyè tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ rere gbà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọdé a máa mí kíákíá ju àgbà lọ, nítorí náà ó lè tètè mú un ju bí ó ṣe ń mú àgbà lọ. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, tí a ti gbọ́ ìròyìn ìdílé tí ó sùn lálẹ́ tí ilẹ̀ sì mọ́ tí wọn kò jí. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí jẹnẹrétọ̀ wà ní ìta gbangba, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán. Ẹ wo ọgbà ilé yín. Mélòó nínú wa ni ó ní ẹsẹ̀ bàtà 20 láàárín ògiri àti ògiri? Bí kò bá sí, àwọn ọmọ ni kí a gbé jìnnà sí i. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé kì í ṣe yàrá ọmọ, bí ó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ rẹwà tó. Kí a sì pa jẹnẹrétọ̀ kí gbogbo ilé tó sùn.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ni ibùsùn. Ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ni pé kí ọmọ ọwọ́ máa sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ibùsùn tirẹ̀, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ó kéré tán. Èyí yẹ kí ó tù wá nínú, nítorí pé ó bá àṣà wa mu: a kì í gbé ọmọ tuntun jìnnà sí ìyá rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé yàrá àwọn òbí ni yàrá àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò lò. Kí a wá àyè ibùsùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá, kí a sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan kúrò bí ó bá gba bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ yóò kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kí a tẹ́ ọmọ ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó kọjú sókè. Kí fóòmù rẹ̀ le, kí ó tẹ́jú. Kí a má fi ìrọ̀rí sí i, kí a má fi aṣọ ìbora tí ó nípọn bò ó, kí a má sì to ọmọláńgidi yí i ká. Ní ọdún 1994 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kéde fún àwọn òbí pé kí wọ́n máa tẹ́ ọmọ sí ẹ̀yìn. Láàárín ọdún díẹ̀, iye àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń kú ikú òjijì lójú oorun dín kù tó ìdajì. A kò ra oògùn, a kò kọ́ ilé ìwòsàn. Bí a ṣe ń tẹ́ ọmọ ni a kàn yí padà. Ooru àpọ̀jù náà léwu. Síbẹ̀, a ṣì ń rí ọmọ tuntun tí a wọ fìlà òtútù àti súwẹ́tà fún nínú yàrá tí àgbà tí ó wà níbẹ̀ ń fi bébà fẹ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ nítorí ìbejì. Ìwádìí tí oníṣègùn Patrick Nylander ṣe ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn fi hàn pé nínú ìbímọ 1000 ní ilẹ̀ Yorùbá, tó 45 sí 50 ni ó jẹ́ ìbejì. Òkìkí Igbó-Ọrà sì ti kan káàkiri ayé nítorí rẹ̀. Ilé Yorùbá ni ó yẹ kí ó mọ yàrá ọlọ́mọ méjì ṣètò jù lọ. A fẹ́ràn láti tẹ́ Táyé àti Kẹ́hìndé sórí ibùsùn kan, kí wọ́n wọ aṣọ kan náà, kí a sì ya wọ́n ní fọ́tò. Fọ́tò náà dára. Ṣùgbọ́n bí oorun bá dé, kí olúkúlùkù ní ibùsùn tirẹ̀. Ibùsùn kékeré méjì lè wọ inú yàrá kan náà bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri méjì, tí a sì fi àárín sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ibùsùn tòkunbọ̀. Ó pọ̀ ní ọjà wa, ó sì dín owó. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 ni Amẹ́ríkà ti fi òfin de ṣíṣe àti títa ibùsùn ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ń lọ sókè-sódò, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ náà a máa yọ, ọmọ a sì há sí àárín rẹ̀. Ohun tí wọn kò lè tà níbẹ̀ mọ́ lè rí ọ̀nà wá sí ọ̀dọ̀ wa. Kí a tó sanwó, kí a mi ibùsùn náà dáadáa. Kí a mú agolo ohun mímu kan: bí agolo náà bá lè gba àárín igi kan sí èkejì kọjá, àlàfo náà ti fẹ̀ jù, ara ọmọ lè gba ibẹ̀ kọjá kí orí rẹ̀ sì há. Káfíńtà àdúgbò tí ó mọ iṣẹ́ lè ṣe èyí tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá sọ fún un pé kí àlàfo má ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ.

Ẹ̀fọn tún wà níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin nínú gbogbo ibà tí ń ṣe aráyé ni ó jẹ́ ti Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sì ń pa jù. Nítorí náà, kí a ti ronú ibi tí a ó ti so àwọ̀n apẹ̀fọn kọ́ kí a tó gbé ibùsùn sí ipò rẹ̀. Ìkọ́ méjì láti òkè àjà lè so àwọ̀n méjì fún ọmọ méjì. Kí a kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ gbogbo fèrèsé, kí a sì máa fọ̀ ọ́, nítorí nẹ́ẹ̀tì tí eruku ti dí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Kí a má gbé ibùsùn, àga tàbí àpótí sí abẹ́ fèrèsé. Ọmọ tí ó bá ti ń rìn yóò gùn ún, nẹ́ẹ̀tì kò sì lè dá ọmọ dúró. Irin tí a fi ń dènà olè wúlò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níbi tí gbogbo àgbà inú ilé mọ̀, tí ọwọ́ ọmọ kò sì tó. Ilé tí olè kò lè wọ̀ lè di ilé tí ọmọ kò lè jáde kúrò nínú rẹ̀ bí iná bá sọ. Kọ́bọ́ọ̀dù gíga, kí a fi irin dè é mọ́ ògiri kí ó má baà wó lu ẹni tí ó bá gùn ún.

Ilẹ̀ yàrá ni ó kù. Nínú yàrá kékeré, ilẹ̀ tí ó ṣófo ni ọrọ̀. Kí ẹrù lọ sókè ògiri lórí pẹpẹ, tàbí sínú àpótí lábẹ́ ibùsùn. Kí àárín yàrá wà fún eré. Ẹ̀gbọ́n ọlọ́dún mẹ́rin nílò ohun kan tí àbúrò kò lè fọwọ́ kàn: pẹpẹ tirẹ̀, tàbí igun kan tí ìwé àti bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà. Ọmọ tí kò ní ohun kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ kò lè kọ́ bí a ṣe ń fún ẹlòmíràn ní nǹkan. Gbogbo èyí kò gba owó ńlá. Àpò ìrẹsì àti fáànù tí ó ti bàjẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ jáde.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Ta ni ó gbé wa gẹ̀gẹ̀ báyìí? Orí ẹní ni a sùn, a sì dàgbà." Òótọ́ ni, àwa tí a dàgbà ni a wà níbí láti sọ ọ́. Àwọn tí kò dàgbà kò lè jẹ́rìí. Ìran àwọn òbí wa mọ ìrora àbíkú, wọ́n sì fún un ní orúkọ púpọ̀. Ìran tiwa mọ díẹ̀ nínú ohun tí ń fà á, kò sì yẹ kí a ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní àlejò níyì nílẹ̀ Yorùbá, àti pé ilé tí kò ní pálọ̀ gidi kò bójú mu. Àlejò níyì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi tútù, oúnjẹ àti ọ̀yàyà ni a fi ń gba àlejò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àlejò tí ó bá fẹ́ràn wa yóò jókòó sórí àga mẹ́ta nínú yàrá kékeré, yóò sì gbádùn ara rẹ̀. Èyí tí àga onítìmùtìmù nìkan ń tẹ́ lọ́rùn, a kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àtakò kan wà tí mo gbà. Ìdílé tí ó ń gbé yàrá kan ṣoṣo nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ kò ní yàrá tí yóò yàn. Fún wọn, ojú fèrèsé ni kí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ, kí ibi ìdáná àti kẹrosíìnì jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kọjá ohun tí òbí lè dá ṣe. Onílé tí ó dí fèrèsé kan kí ó lè fi yàrá kan kún yàrá rẹ̀, tí ó kọ́ ilé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò, ti gba afẹ́fẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìjọba tí ó buwọ́ lu àwòrán ilé, tí kò sì padà wá wò ó nígbà tí a ń kọ́ ọ, jẹ nínú ẹ̀bi náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri ilé. Kí wọ́n máa ka fèrèsé pẹ̀lú. Kí àwọn ayálégbé inú ọgbà kan sì jókòó pọ̀, kí wọ́n fi ẹnu kò sí ibi kan ṣoṣo tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ yóò máa wà àti wákàtí tí gbogbo rẹ̀ yóò kú lálẹ́. Èyí kò gba àṣẹ ìjọba.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, kí bàbá àti ìyá dúró nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ní agogo méjì ọ̀sán, láì tan fáànù. Kí wọ́n dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n padà ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ń ké. Yàrá tí ó bá rọrùn láti mí nínú rẹ̀ ní ìgbà méjèèjì ni kí wọ́n gbé ibùsùn àwọn ọmọ wọ̀, kí wọ́n sì wá ibòmíràn fún àga.